Àárẹ̀ Ọkàn àti Iṣẹ́ Ibi tí Ó Ń Ṣe nínú Ara

Nínú èdè wa, iṣẹ́ tí a gbé lé ọ̀rọ̀ náà "ọkàn" lọ́wọ́ pọ̀ jọjọ. Òun ni a fi ń rò, òun ni a fi ń fẹ́ràn ẹni, òun ni ó ń bàjẹ́ nígbà tí a bá gbọ́ ìròyìn búburú, òun náà ni ó sì ń balẹ̀ nígbà tí ewu bá kọjá. Nítorí náà, bí oníṣègùn bá wí fún bàbá kan láti Ìpotì tàbí láti Ìkógòsì pé, "Bàbá, ọkàn yín ti rẹ̀," ohun tí bàbá náà gbọ́ ni pé ìbànújẹ́ òun ti pọ̀ jù. Àwọn ẹbí rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn ti ṣìnà kí ó tó dé etí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi rò pé ó tọ́ kí a kọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, lè rí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere sọ nígbà tí wọ́n bá bi yín. Wọn kò sì ní ṣàì bi yín, nítorí olùkọ́ ni ará abúlé máa ń gbé ìwé ilé ìwòsàn lọ bá kí ó bá òun kà á.

Ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín, ẹran ara ni. Ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tí ó ni ín. Àárín àyà ni ó wà, ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, kí ó sì tì í jáde. Nínú àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó tó nǹkan bí ìgbà 100,000 láàrin ọ̀sán kan àti òru kan. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí lítà 5. Yàrá mẹ́rin ni ó ní, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ yí ara ká bọ̀, ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti gba atẹ́gùn. Apá òsì ń gba ẹ̀jẹ̀ tí a ti sọ di ọ̀tun yìí láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. William Harvey, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1628 pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yí po bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́, tí ara sì ń lò ó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di yíyípo yìí mú ṣinṣin, nítorí òun ni ó fà á tí àárẹ̀ ibì kan fi ń di ìyọnu ibi gbogbo.

Àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe pé ọkàn dákẹ́. Ọkàn tí ó dákẹ́, ikú ni. Ọkàn tí ó rẹ̀ ṣì ń lù, ó tilẹ̀ lè máa lù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó bí ara ti ń fẹ́. Ti ẹlòmíràn fẹ̀ jù, ó sì dẹ̀, bí àpò tí a ti ń ki nǹkan sí fún ìgbà pípẹ́. Ti ẹlòmíràn nípọn, ó sì le, tí kò fi lè ṣí sílẹ̀ dáadáa láti gba ẹ̀jẹ̀. Ibi kan náà ni méjèèjì ń já sí. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ọjà ní ọjọ́ tí èrò pọ̀: bí àwọn tí ó wà níwájú kò bá rìn mọ́, inú ọjà yóò ṣófo, ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà yóò sì kún fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Níwájú ọkàn tí ó rẹ̀, ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa àwọn ẹ̀yà ara; lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún àkúnya, omi inú ẹ̀jẹ̀ a sì máa rọ́ jáde láti inú iṣan sínú ẹran ara. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ògùdùgbẹ̀, èyíinì ni kí omi kún ara, èyí ni ó sábà máa ń jẹ́.

Kí ni ó ń rẹ ọkàn? Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, olórí ohun tí ó ń fà á ni dídí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Abà, àwọn oníṣègùn ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí àárẹ̀ ọkàn gbé wá sọ́dọ̀ wọn ní ọdún 2009 àti 2010. Ènìyàn 452 ni wọ́n. Nínú 100 wọn, ó ju 78 lọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Ìwádìí mìíràn kó ènìyàn 1,006 jọ láti ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2012, a rí i pé nǹkan bí ọdún 52 ni ọjọ́ orí wọn ní ìṣirò àárín, àti pé láàrin oṣù 6, nǹkan bí 18 nínú 100 ti kú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti ju ẹni 70 ọdún lọ ni àìsàn yìí sábà ń mú. Àìsàn bàbá àgbà ni lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ẹni tí ó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ ni ó ń gbé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ìyẹn ni àrékérekè rẹ̀. Ẹni tí ibà mú yóò mọ̀, ẹni tí ejò bù ṣán yóò ké. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè ru ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún 15, kí ó máa kọ ebè, kí ó máa gun igi kòkó, kí ó má sì mọ̀ pé ọkàn òun ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan tí ó ti le koko. Bí apá alágbẹ̀dẹ ti ń ki nítorí ọmọ owú, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ọkàn ń nípọn nítorí iṣẹ́ àṣejù. Ṣùgbọ́n apá alágbẹ̀dẹ ń lágbára sí i, ti ọkàn ń le gbagidi ni, nígbẹ̀yìn a sì dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní ọdún 1933, tí ó sì kú ní ọdún 2020, fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ́ni nípa ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ènìyàn wa, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ rò pé àìsàn àwọn olówó ni.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Àwọn obìnrin kan wà tí ọkàn wọn ń rẹ̀ ní oṣù tí ó kẹ́yìn oyún tàbí láàrin oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ, láìsí àìsàn ọkàn kan tẹ́lẹ̀. Bí ìyá ọmọ tuntun bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò lè sùn ní ìdùbúlẹ̀, kí a má ṣe wí pé àárẹ̀ ìbímọ lásán ni. Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Ọ̀nà ọ̀fun a máa dun ọmọ, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, ibà a dé, orúnkún a wú, ìgbọ̀nwọ́ a wú, ìrora a máa ti oríkèé kan bọ́ sí òmíràn. Ara ọmọ náà ni ó ń bá kòkòrò ọ̀nà ọ̀fun náà jà, tí ó wá ń ṣèèṣì lu àwọn ilẹ̀kùn ọkàn pẹ̀lú rẹ̀. Oríkèé a sàn; ilẹ̀kùn ọkàn kì í sàn bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó rí ọmọ tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ní pápá, tí ó ń jókòó sí ìdí igi nígbà eré ìdárayá. Olùkọ́ tí kò mọ̀ a pè é ní ọ̀lẹ. Oògùn penisílíìnì tí a bá lò ní àkókò fún ọ̀nà ọ̀fun náà ni ó lè dènà gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ìparun náà ti ń rìn láti ẹ̀yà kan dé èkejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Inú kíndìnrín ni ìṣìnà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín, tí Bíbélì wa àtijọ́ ń pè ní iwe, ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń yọ ìdọ̀tí àti omi tí ó pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Kò ní ojú; bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó fi ń mọ̀ bóyá omi pọ̀ nínú ara tàbí ó kéré. Nígbà tí ọkàn bá rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín bá dínkù, kíndìnrín kò mọ̀ pé ọkàn ni ó rẹ̀. Ó rò pé ọ̀dá ni ó dá, pé òǹgbẹ ń gbẹ ara, tàbí pé ọgbẹ́ kan ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó sì ṣe ohun tí ìránṣẹ́ rere yóò ṣe ní ìgbà ọ̀dá: ó di iyọ̀ mú, ó di omi mú, kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìtọ̀ a dínkù. Ara tí omi ti kún tẹ́lẹ̀ a tún kún sí i. Bákan náà, ara a fi ìránṣẹ́ mìíràn sínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò mú kí iṣan fún, tí yóò sì mú kí ọkàn máa sáré. Bí ẹni tí ń na ẹṣin tí ó ti rẹ̀ ní pàṣán. Ẹṣin a sáré díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Ohun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti gba ènìyàn là lọ́wọ́ òǹgbẹ àti ọgbẹ́ ni ó wá di ohun tí ń pa á. Bí èyí bá pẹ́, kíndìnrín fúnra rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kú, ìdọ̀tí tí ó yẹ kí ó yọ a sì máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Omi náà ni a ń rí ní ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń pọ̀, nítorí pé omi ń wá ìsàlẹ̀; okùn sálúbàtà a máa há ọrùn-ẹsẹ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò há a láàárọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ẹni náà fún ìwọ̀n ìgbà tí a lè fi ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ sì gbé e kúrò: bí kòtò bá ṣẹ́kù síbẹ̀, omi ni. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, itan. Lẹ́yìn itan, ikùn. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, a máa ń wí pé ó ti tẹ nǹkan tí wọ́n dè sílẹ̀ dè é. Àwa kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ayé lè ṣe. Ohun tí a mọ̀ ni pé kòtò àtàǹpàkò kò ní í ṣàì hàn, àti pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá lò ní ibòmíràn, omi náà ń gòkè ni.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ni ó burú jù. Nígbà tí apá òsì ọkàn bá rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró, omi a sì máa rọ́ sí ibi tí ó yẹ kí atẹ́gùn wà. Ní ọ̀sán, nígbà tí ènìyàn bá wà lórí ìdúró, omi náà wà ní ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀ ní òru, omi ẹsẹ̀ a padà sínú iṣan, a sì ya lọ sí àyà. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń jí ní ọ̀gànjọ́ lójijì, bí ẹni tí a tẹ orí rẹ̀ bọ inú odò. A fò dìde jókòó, a ṣí fèrèsé, a máa wá afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí ó ti jókòó, ara a tù ú, nítorí omi náà ti tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará ilé a wí pé àwọn ọ̀tá òru ni ó wá gùn ún. Ẹ fi ọgbọ́n béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: ìrọ̀rí mélòó ni ó fi ń sùn? Ẹni tí ń fi ìrọ̀rí kan sùn ní ọdún tí ó kọjá, tí ó wá ń fi mẹ́ta sùn ní ọdún yìí, tàbí tí ó ń sùn lórí àga, ọkàn rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ikọ́ a máa bá a rìn pẹ̀lú, ikọ́ tí ó ń le sí i lórí ìdùbúlẹ̀. Bí itọ́ ikọ́ náà bá ń hó bí ọṣẹ, tí ó sì pọ́n díẹ̀, kò sí àkókò láti dúró de ilẹ̀ tí yóò mọ́.

Ilẹ̀ àwa ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní ànfààní kan tí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ní. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Òkèmẹ̀sí, tí ó sì ti ń gun òkè náà láti ìgbà èwe, mọ ibi tí ó máa ń dé kí ó tó sinmi. Bí ó bá wá di pé ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tí kò ti sinmi rí, láìsí ibà, láìsí òjò ọjọ́ orí lójijì, òkè náà ti ṣe iṣẹ́ oníṣègùn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó kọ́kọ́ dín rírin òkè kù, a ó wí pé àgbà ti dé, títí òkè kò fi ní lè sọ ohunkóhun fún wa mọ́.

Ẹ̀dọ̀ náà ń jìyà tirẹ̀. Ó ń kún fún ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà wọ apá ọ̀tún ọkàn, ó ń wú, ó sì ń dunni ní abẹ́ ìhà ọ̀tún. Ìfun pàápàá wú nínú. Oúnjẹ kò wu aláìsàn, ṣíbí mẹ́ta iyán a yó o, èébì a máa gbé e. A lè máa tọ́jú inú rírun fún oṣù mẹ́ta láìronú kan ọkàn. Níhìn-ín ni ohun kan wà tí ó ń tan ojú jẹ. Ara ẹni náà ń rù, ẹran apá rẹ̀ ń tán, egungun èjìká yọ síta. Ṣùgbọ́n nítorí omi tí ó wà ní ẹsẹ̀ àti ikùn, kò fúyẹ́ lórí ìwọ̀n, àwọn tí ń kí i a sì máa wí pé ó ti sanra.

Ọpọlọ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ìgbàgbé, òòyì àti ìdàrúdàpọ̀ a máa bá àwọn àgbà tí ọkàn wọn rẹ̀. Ewu tí ó ju èyí lọ ni ti ìlù ọkàn tí ó dàrú. Yàrá ọkàn tí ó fẹ̀ jù kì í lù déédéé mọ́; ó ń gbọ̀n bí ewé ni. Ẹ fi ìka kàn ọrùn-ọwọ́: ìlù a yá, a falẹ̀, a fo ọ̀kan, a tún sáré. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa a máa dì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dì nínú àwo. Bí èérún ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tí ó sì bá ìṣàn lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé, ẹnu a ṣẹ́ sápá kan, apá àti ẹsẹ̀ kan a rọ. Bí ó bá jẹ́ láti inú iṣan ẹsẹ̀ ni èyí tí ó dì ti já, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ, ó sì lè pani láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà mìíràn ìlù náà a dàrú pátápátá, ọkàn a sì dákẹ́ láìkìlọ̀. Ẹni tí ó jẹun alẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kò ní jí. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kan, ọ̀rọ̀ a máa pọ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ a sì máa di ẹni ìfura fún ìdílé kan títí ọdún fi ń gorí ọdún.

Ẹsẹ̀ wíwú, òru àìsùn, inú rírun, ìgbàgbé àti rọpárọsẹ̀: a máa ń pe ìwọ̀nyí ní àìsàn márùn-ún, a sì máa ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ènìyàn márùn-ún. Nínú aláìsàn irú èyí, àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ǹjẹ́ oògùn wà? Ó wà, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ni. Ní ọdún 1775 ni William Withering, oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ nípa àgbo tí ìyá arúgbó kan ní Shropshire fi ń wo ògùdùgbẹ̀. Ewé tí ó wà nínú àgbo náà tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi òye mọ̀ pé foxglove nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọdún 10 ni ó fi wọn ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1785, nítorí ewé náà májèlé ni bí ó bá pọ̀ díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1870, Thomas Fraser ní Edinburgh ṣe àyẹ̀wò oró ọfà tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, láti ara itàkùn tí ń jẹ́ Strophanthus, ó sì rí i pé ọkàn ni oró náà ń mú. A yọ oògùn ọkàn láti inú rẹ̀ pẹ̀lú. Irú itàkùn yìí wà nínú igbó ilẹ̀ wa, àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ sì mọ̀ ọ́n. Ní Brazil, oró paramọ́lẹ̀ kan ni ó la ọ̀nà sí oògùn captopril, tí a gbà láyè ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, tí àwọn ìbátan rẹ̀ bí lisinopril sì wà ní ilé ìwòsàn wa lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí wí pé àgbo kí àgbo dára fún ọkàn. Ohun tí ó ya oró ọfà sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn ni ìwọ̀n, agbè àgbo kò sì ní ìwọ̀n.

Àwọn oògùn òde òní pín iṣẹ́ láàrin ara wọn. Àwọn kan ń mú kí ìtọ̀ pọ̀, kí omi lè jáde. Àwọn wọ̀nyí ni aláìsàn ń fẹ́ràn, nítorí ó ń rí iṣẹ́ wọn láàrin ọjọ́ kan. Àwọn kejì, lisinopril àti irú rẹ̀, ń sọ òtítọ́ fún kíndìnrín, wọ́n ń dá a lẹ́kun dídi iyọ̀ mú. Wọ́n lè fa ikọ́ gbígbẹ, aláboyún kò sì gbọdọ̀ lò wọ́n rárá. Àwọn kẹta ń gba pàṣán lọ́wọ́ ẹni tí ń na ẹṣin, wọ́n ń jẹ́ kí ọkàn lù pẹ̀lú sùúrù. Iṣẹ́ àwọn kejì àti àwọn kẹta kì í hàn lójú. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni wọ́n ń fi kún ọjọ́ ayé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹsẹ̀ a wálẹ̀, oorun a dára, aláìsàn a wí pé òun ti sàn, a sì fi owó oògùn oṣù kejì ra irúgbìn tàbí kí ó san án fún ẹgbẹ́. Àárẹ̀ ọkàn kì í sábà sàn bí ibà ti ń sàn. A ń mú un dání ni, bí a ti ń mú okùn ewúrẹ́ dání. A kò fi èyí dá tálákà lẹ́bi. Oògùn ojoojúmọ́ wọ́n lójú ẹni tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó kòkó ń dé ọwọ́ rẹ̀, owó ọkọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì kò sì kéré. Ó sàn kí ó wí fún oníṣègùn pé agbára òun kò ká a, kí a lè wá èyí tí ó dín owó, ju kí ó dákẹ́ kí ó sì pa oògùn tì.

Nípa oúnjẹ, iyán kò ṣe nǹkan; iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Níbi tí iyọ̀ bá lọ, omi a tẹ̀lé e. Iyọ̀ sì ń fi ara pamọ́: ó wà nínú mágí, ó wà nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀, kán-ún tí a ń fi se ẹ̀wà sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n iyọ̀. Ìyá tí ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé lè bu ti aláìsàn sọ́tọ̀ kí ó tó fi iyọ̀ sí i. Ata, irú àti ewé efinrin yóò ràn án lọ́wọ́. Ohun kejì tí a kò lè ṣàì dárúkọ ni oògùn ara ríro. Àgbẹ̀ tí orúnkún ń dùn máa ń ra ibuprofen tàbí diclofenac ní ìsọ̀ oògùn, ó sì lè lò ó lójoojúmọ́. Ìwọ̀nyí ń mú kíndìnrín di omi àti iyọ̀ mú, wọ́n ń ba iṣẹ́ àwọn oògùn ọkàn jẹ́, wọ́n sì ti gbé ọ̀pọ̀ tí ara wọn ti ń dá padà sí ilé ìwòsàn.

Aláìsàn tí ó bá ní òṣùwọ̀n kí ó máa wọn ara rẹ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, ṣáájú oúnjẹ. Bí ó bá fi kílò 2 wúwo sí i láàrin ọjọ́ 3, omi ni, kì í ṣe ẹran. Kí ó lọ rí oníṣègùn kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ní ìgbànú, ó ní òrùka, ó ní okùn sálúbàtà, àwọn náà ń jẹ́rìí.

Àwọn ohun kan wà tí kò gba ọjọ́ kejì: èémí tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè sọ gbólóhùn kan tán, itọ́ ikọ́ tí ń hó tí ó sì pọ́n, dídákú, àyà dídùn tí kò lọ, ètè tí ó di dúdú bí aró, ẹnu tí ó ṣẹ́ sápá kan. Nígbà náà, kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá sún mọ́ wa, ìbáà ṣe ní òru. Kí a sì kíyè sí bí a ti ń gbé e. Àṣà wa ni láti tẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a gbé orí rẹ̀ lé itan ìyàwó rẹ̀. Fún ẹni tí omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìdùbúlẹ̀ yẹn lè pa á kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ gbé e jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ó ń lò, pẹ̀lú agbè àgbo bí ó bá wà, lọ́wọ́ lọ fi han oníṣègùn.